Ẹni Tí Wọn Ò Béèrè Mọ́

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ikú ni mò ń bi àwọn èèyàn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ. À ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, nílùú Ìjẹ̀bú-Òde àti láwọn ìlú tó yí i ká, a ó kan ilẹ̀kùn, a ó kí onílé, a ó sì béèrè bóyá ẹnì kan kú nínú ilé náà láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọjọ́ orí ẹni náà, àti ohun tó ṣe é kó tó kú. Àwọn ọ̀gá wa ló fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìjọba tí kò mọ ohun tó ń pa àwọn ará ìlú kò lè mọ ibi tó yẹ kó kọ́ ilé ìwòsàn sí, kò sì lè mọ oògùn tó yẹ kó kó síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kú lọ́dọ̀ wa tí kò sí dókítà tó kọ ohun tó pa wọ́n sílẹ̀. Ilé ni wọ́n kú sí, ilé náà ni wọ́n sì sin wọ́n sí. Àwa tá à ń kan ilẹ̀kùn la dípò dókítà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé èèyàn á kàn la ẹnu sọ ohun tó pa ará ilé rẹ̀ fún àlejò, kó wá bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, mo bi bàbá kan léèrè ohun tó pa ìyàwó rẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ikú ni. Mo ní ó yé mi, bàbá, àmọ́ kí ló ṣe wọ́n tí ikú fi dé. Ó ní àìsàn ni. Mo ní irú àìsàn wo. Ó ní àìsàn ráńpẹ́. Bàbá yìí kò purọ́ fún mi o. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ náà nìyẹn. Bí arúgbó bá kú, wọ́n á ní ó re ibi àgbà ń rè. Bí ọmọ ọwọ́ bá kú, wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bí ọ̀dọ́ bá kú, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á sì yí ojú wo ilé kejì. Ẹ̀rọ tá a máa ń gbé dání, fóònù pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ bíi síléètì, kò mọ ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ara ẹni náà gbóná, bóyá ó wúkọ́, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló ń gbà lẹ́nu èèyàn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, mo máa ń bá wọn sunkún. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí ẹ̀rín kì í yá lẹ́nu rẹ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ẹni tó ń sunkún kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ó ní kí n máa sọ pé ẹ kú ìrọ́jú, kí n dákẹ́ díẹ̀, kí n sì béèrè ìbéèrè tó kàn. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Kí ọdún yẹn tó parí, mo ti mọ àwọn ìbéèrè náà lórí bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe mọ Àdúrà Olúwa, omijé mi sì ti gbẹ. Inú mi ò dùn, inú mi ò sì bàjẹ́. Tí mo bá délé, màá jẹun, màá fọ abọ́, màá sùn, mi ò sì ní lá àlá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Bọ̀dá mi ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àbúrò mi ọkùnrin ló gbẹ̀yìn. Ìbàdàn ni Bọ̀dá ń gbé. Ẹ̀ńjíníà ni, òun nìkan ló ń gbé nínú ilé tó háyà, torí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ tipẹ́, wọn ò sì bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, aládùúgbò kan ló sì gbé e dé ọsibítù. Èmi àti àbúrò mi sáré lọ. Ẹnu rẹ̀ ti yí, apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, àmọ́ ó mọ̀ wá. Wọ́n ní ká fara balẹ̀, wọ́n ní irú rẹ̀ máa ń yẹ̀. Mo padà wálé lọ mú aṣọ díẹ̀, mo sì ní kí n kọ́kọ́ ya Ayépé kí n parí ilé kan tó ṣẹ́kù fún mi níbẹ̀.

Inú pálọ̀ opó kan ni mo wà ní Ayépé tí àbúrò mi fi pè. Ó ní, "Àǹtí mi, Bọ̀dá ti lọ." Mo ní mo gbọ́. Mo pa fóònù. Opó náà ń wò mí. Ó ti sọ̀rọ̀ ikọ́ tó ṣe ọkọ rẹ̀ dé ìdajì. Mo ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Mo bi í bóyá ikọ́ náà mú ẹ̀jẹ̀ wá, mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ rù, mo béèrè gbogbo rẹ̀ títí dé òpin, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde lọ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Àwọn tí mo sọ èyí fún ní mo lágbára. Kì í ṣe agbára. Ara mi ló ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ló wá kù. Ìyá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọkàn rẹ̀ ò sì le dáadáa; dókítà ti sọ pé ká má jẹ́ kí ohunkóhun bà á lẹ́rù. Tíṣà ni, ó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tọ́ gbogbo àdúgbò sọ́nà títí di òní bí ẹni tí kò tíì fẹ̀yìn tì. Bọ̀dá jókòó sí kíláàsì rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń pè é ní Tíṣà. Àwa méjì tó kù, Màmá la máa ń pè é. Tíṣà yẹn máa ń dùn mọ́ ọn nínú ju Màmá lọ, kò sì fi pa mọ́ fún wa.

Àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ àgbà ìdílé, pè wá jọ sílé rẹ̀. Ó ní a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ti darúgbó. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, torí bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìyá àgbà kan wà nínú ìdílé wa tó kú tòun ti ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, Ìbàdàn la sin Bọ̀dá sí, ní bòókẹ́lẹ́. A wọ aṣọ dúdú lọ, a sì pààrọ̀ rẹ̀ ká tó padà wọ Ìjẹ̀bú-Òde. A sọ fún ìyá wa pé iṣẹ́ gbé Bọ̀dá lọ sí Kánádà lójijì. Ó ní ṣé kò lè wá kí òun kó tó lọ ni. A ní ó yá jù. Ó ní ó dáa, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

A wá lọ kìlọ̀ fún gbogbo ayé. A kìlọ̀ fún àwọn alámùúlégbè, fún àlùfáà ìjọ wa, fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ohun kan náà la sọ fún gbogbo wọn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Bọ̀dá lójú Màmá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wáyé rárá, kí ẹnu má baà ṣì yín sọ. Àwọn èèyàn wa mọ irú rẹ̀. Wọ́n pa á mọ́ bí ẹyin. Inú mi dùn sí wọn, bó bá jẹ́ pé ìdùnnú ni wọ́n ń pe ohun tí mo mọ̀ lára nígbà yẹn.

Fóònù nìkan ló le. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni Bọ̀dá máa ń pe ìyá wa, kò sì jẹ́ kó yẹ̀ rí. Àbúrò mi ló wá gbà á ṣe. Olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà ní Ìjàgun, ohùn òun àti Bọ̀dá sì ti jọra látìgbà tí wọ́n ti bàlágà. Èmi gan-an máa ń ṣì wọ́n pè lórí fóònù. Fóònù ìyá wa ni èyí kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kò sẹ́ni tó lè rí ojú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àbúrò mi á wọ inú mọ́tò rẹ̀, á yí gíláàsì sókè, á sì fi nọ́ńbà tuntun kan pè é. Á ní, "Tíṣà, ẹ káàsán o." Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe parí ọ̀rọ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò tó bì sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Ó ń ṣàlàyé yìnyín fún ìyá wa, ó ń sọ fún un pé òtútù Kánádà kọjá ti ọyẹ́, pé òun ò rí gaàrì Ìjẹ̀bú gidi rà níbẹ̀. Èmi á jókòó ti ìyá wa, màá máa gbọ́ òkú ẹ̀gbọ́n mi tó ń sọ̀rọ̀ gaàrì, màá sì máa já ẹ̀fọ́. Mi ò mọ nǹkan kan lára.

Báyìí la wà nígbà tí àdúgbò ìyá wa bọ́ sínú iṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ilé fún wa, kì í ṣe àwa. Ó yan ilé alágbẹ̀dẹ, ó yan ilé àlùfáà mùsùlùmí, ó sì yan ilé ìyá mi. Ẹni tó bá jẹ́ ará ilé kò gbọ́dọ̀ wọ ilé náà, ìyẹn ni òfin iṣẹ́ wa, nítorí náà ọmọbìnrin Èkìtì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa wọ ibẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wa. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bọ̀dá fún un, mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi ilé mìíràn rọ́pò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a máa ń bi àwọn ìyá àgbà léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó wà láàyè. Ọ̀gá wa ò bínú. Ó ní tí a bá ń yọ gbogbo ilé tí àánú rẹ̀ ń ṣe wá, ilé wo ló máa kù tá a fẹ́ kà? Ó ní tí Màmá ò bá fẹ́ dáhùn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

Mo wá lọ bẹ ọmọ Èkìtì náà pé kó má tọ pinpin lórí ìbéèrè yẹn, kó má sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò sọ. Ó ní, "Àǹtí, ohun tí wọ́n bá sọ ni màá kọ. Tí wọ́n bá ní gbogbo ọmọ àwọn ló wà láàyè, gbogbo wọn ló wà láàyè nìyẹn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí mò ń lọ sílé ni ohun tó sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ilé tí Bọ̀dá gbé ní Ìbàdàn, ẹlòmíì ti háyà rẹ̀. Bí àwọn oníṣẹ́ bíi tiwa bá kan ilẹ̀kùn ibẹ̀, wọ́n á ní kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, òótọ́ ni wọ́n á sì sọ. Nílé wa, Kánádà ló wà. Nínú gbogbo ìṣirò òkú orílẹ̀-èdè yìí, Bọ̀dá mi ò sí níbẹ̀. Mo rò ó, mo rò ó, mo wá ra iṣu ewùrà lọ́nà. Ẹ̀rù tó ń bà mí kì í ṣe ti ìṣirò. Ẹ̀rù ìyá mi ló ń bà mí, pé kí ìbéèrè ọmọdé lásán má lọ pa á sórí àga rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn nìkan ni ohun tí mo mọ̀ lára láti bí oṣù mélòó kan.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe é. Èmi jókòó sí fàráńdà, torí ẹni tí à ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò gbọ́dọ̀ dá wà. Àmọ́ fèrèsé pálọ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohun gbogbo. Ìyá mi kọ́kọ́ bi ọmọ náà ní ìlú rẹ̀ ní Èkìtì, ó bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀, ó bi í ní ìdí tó fi rù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbà fún un láti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà sáré ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ìyá mi ní kó tún un kà bí ẹni tó lọ sílé ìwé. Ó tún un kà. Ó fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá, bá a ṣe máa ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, ìyá mi sì ní kó sọ iye tó jẹ́ fóun, pé òun ló ni ẹ̀jẹ̀ náà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọmọ náà wá ní, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ìyá mi ní, "Mẹ́ta."

"Mélòó nínú wọn ló wà láàyè, mà?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń tún ìró rẹ̀ ró. Ó wá ní, "Méjì."

Mo yí ojú sí fèrèsé. Ó dájú pé ọmọ Èkìtì náà ń wojú fèrèsé. Ìyá mi ló ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní méjì ni òun wí. Ọmọ náà ní ẹ kú ìrọ́jú, mà, ó sì dákẹ́ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìyá mi ní ọkùnrin ni, àkọ́bí òun ni. Ó béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ìyá mi sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Ó wá béèrè ohun tó ṣe é.

Ìyá mi ní, "Mi ò mọ̀. Wọn ò tíì sọ fún mi. Ọmọ mi obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níta yẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Pè é wọlé kó wá sọ ọ́ fún wa."

Mo wọlé. Mo jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá mi, torí mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ọmọ Èkìtì náà wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo mi orí sí i pé kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní àwọn ìbéèrè tí èmi fúnra mi ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri Ìjẹ̀bú. Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Rárá. Ṣé ó wúkọ́? Rárá. Ṣé orí ń fọ́ ọ? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti ń fọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ó ṣubú? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé apá kan ara rẹ̀ rọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnu rẹ̀ yí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé dókítà ti sọ fún un rí pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀? Nígbà míì. Ohùn mi ò gbọ̀n. Mo ń dáhùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ará ibòmíì. Ìyá mi sì ń gbọ́, ó tẹ orí ba díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka àkọ́sórí fún un. Báyìí ló ṣe gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀, ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn.

Nígbà tí ọmọ náà béèrè èyí tó gbẹ̀yìn, ìyá mi ní òun náà ní ìbéèrè. Ó bi mí pé, "Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Kò lè sọ̀rọ̀, Màmá. Àmọ́ ó mọ̀ wá. Ó di ọwọ́ mi mú."

"Ọwọ́ rẹ̀ wo?"

"Ọwọ́ òsì."

Ó mi orí. Ó na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé e lé mi léjìká. Ọmọ Èkìtì náà pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì lọ.

Mo bi ìyá mi pé ta ló sọ fún un. Mo ti ń fura sí obìnrin oníbúrẹ́dì, mo sì ti ń múra ìjà sílẹ̀ dè é. Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Mo ní àbí ohùn àbúrò mi ló fi mọ̀. Ó ní ohùn àbúrò mi dára, ó ṣe é dáadáa, àṣejù òtútù Kánádà yẹn nìkan ló ń dá òun lágara.

Ó wá ní, "Tẹ́lẹ̀, tí mo bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi kì í lè dé ẹnu géètì kí wọ́n tó bi mí pé, Tíṣà, ẹ̀ńjíníà ńkọ́? Àlùfáà á bi mí. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ á bi mí. Oníbúrẹ́dì á bi mí. Ìgbà tó di Ọjọ́ Ìsinmi kan, kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n béèrè rẹ, wọ́n béèrè àbúrò rẹ, wọ́n béèrè orúnkún mi. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, kò sẹ́ni tó bi mí. Ọmọ mi wà ní Kánádà, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ò sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe níbẹ̀? Alààyè ni wọ́n máa ń béèrè."

Mo ní kí ló dé tí kò fi sọ fún wa pé òun ti mọ̀. Ó ní, "Ẹ ò bi mí. Ọmọ Èkìtì yẹn ló kọ́kọ́ bi mí."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó tún ní òun rí i bí a ṣe ń ṣe wàhálà tó, òun ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wa jẹ́ fún wa. Nínú yàrá rẹ̀ ló ti ń sunkún, tá a bá ti lọ. Mo ní kí n pe àbúrò mi kí n sọ fún un pé kó má pe ìpè yẹn mọ́. Ó kọ̀. Ó ní àbúrò mi kò tíì sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ìpè yẹn ló fi ń sún ẹkún náà síwájú, kí n fi í sílẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá àbúrò mi náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní mi ò mọ̀, pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n fún un, pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wà nílé ìdáná, mò ń ro ìkọ́kọrẹ́. Fóònù ìyá mi dún. Mo gbé orógùn dání wá sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ó ti tẹ ohùn fóònù náà síta, bó ṣe máa ń ṣe torí etí rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ káàsán o."

Ìyá mi ní, "Káàsán, ọmọ mi." Ó béèrè iṣẹ́ rẹ̀, àbúrò mi ní ó dáa. Ó béèrè òtútù, ó ní ó ti ń dínkù. Ó béèrè ohun tó jẹ, ó ní ìrẹsì. Mo rò pé bó ṣe máa parí náà nìyẹn. Ìyá mi wá gbé fóònù náà súnmọ́ ẹnu.

Ó ní, "Gbọ́ mi. Lọ́la, kó o tó wọ kíláàsì ní Ìjàgun, lọ sí ọsibítù kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ohun tí wọ́n bá fún ọ, lò ó. Má sọ pé ò ń bọ̀ wá lò ó. Mi ò ní ọmọkùnrin mìíràn mọ́."

Mo gbọ́ mọ́tò tó kọjá lọ níbi tí àbúrò mi wà. Ìyá mi ò pa fóònù náà. Ó gbé e sétí, ó ń dúró dè é, bí ẹni tó mọ̀ pé ọmọ náà mọ ìdáhùn. Nígbà tí ohùn náà máa padà, ó ti ya, ohùn àbúrò mi sì ni.

Ó ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Orógùn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún Bọ̀dá mi, lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ìkọ́kọrẹ́ sì ń jóná lẹ́yìn mi.